Ikọ́ Ata, Ikọ́ Aṣáà

Àlàmísì, 19 Júùnù 2008

Wọ́n ti gbé Roqeeb lọ. Kò tíì tó wákàtí kan, ẹ̀yìn mi ṣì gbóná níbi tó wà. Daddy Roqeeb, Màmá yín ló tú ọ̀já lára mi níṣojú gbogbo ará ilé, wọ́n yọ ọmọ lẹ́yìn mi bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀ lórí aláàárù, wọ́n gun ọ̀kadà, ó di Kétu. Mo sáré tẹ̀lé wọn títí dé Owódé, ikọ́ ò jẹ́ kí n sáré mọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì. Bàtà rẹ̀ ẹyọ kan ló wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi níbí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ yìí Aunty Kékeré wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ bá a jáde. Sẹ̀kínát àbúrò yín ni mò ń wí. Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni màá kọ orúkọ yẹn, mi ò lè máa pe àbúrò ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ nínú ìwé. Oníkẹ́mísì ní ó jọ ikọ́ ife. Bí Màmá ṣe gbọ́ ikọ́ ife báyìí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbà wá tààrà, torí wọ́n ti rí káàdì tí wọ́n fi ń fún mi lóògùn ní ọsibítù láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí.

“Ìwọ lo kó o ràn án! Ikọ́ ife ni wọ́n ń pè é, ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni? Ife lo fi kó o ràn án! Bàbá ẹ wúkọ́ wúkọ́ títí ó fi kú, o wá gbé e wọ ilé ọmọ mi.”

Ife aláwọ̀ ewé tí èmi àti Aunty Kékeré jọ fi ń mumi nígbà tó wá lo họ́lídè lọ́dọ̀ wa, òun náà ni wọ́n gbé sókè. Wọ́n yọ kútẹ́ẹ̀sì pupa nínú báàgì, wọ́n fa ilà mẹ́ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilà ojú, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé ife alárùn rè é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí ọmọ.

Mo lọ pè yín lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta kọ́ọ̀lù. Ẹ ní, “Jẹ́ kí ọmọ wà lọ́dọ̀ Màmá títí n ó fi dé. Ìwọ náà mọ̀ pé ara ẹ ò dá.” Mo ní ẹ gbọ́ ná. Ẹ ti já a. Kano jìn, ẹ̀yin lẹ mọ bí iṣẹ́ ata rírà ṣe ń dí yín lọ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò tí Aunty Kékeré gbàgbé síbí. Ohun tí ẹ ò jẹ́ kí n sọ, ẹ máa kà á.

Jímọ̀, 20 Júùnù

Ọmú mi le bí òkúta. Mo fún wàrà dà nù nínú balùwẹ̀, mo ń sunkún. Ọmọ oṣù mẹ́wàá.

Túsìdé, 24 Júùnù

Òjò láti àárọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ọsibítù ní Ìkòsí gba oògùn. Ìtọ̀ mi pọ́n bíi zobo, ẹ̀rù bà mí, Nọ́ọ̀sì Helen ní oògùn ló ṣe bẹ́ẹ̀, kí n má bẹ̀rù. Ará Ẹdó ni wọ́n, ṣùgbọ́n Yorùbá wọn ju tèmi lọ tí inú bá ń bí wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ Roqeeb fún wọn.

“Ta ló sọ fún ìyá ọkọ ẹ pé ife ló ń kó o ràn? Afẹ́fẹ́ ni! Ẹni tó ní in á wúkọ́ nínú yàrá, á lọ, kòkòrò á ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá yẹn, ẹlòmíì á fà á símú. Ife kọ́, ṣíbí kọ́, ọmú kọ́. Ìwọ tiẹ̀ ti lo oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o ò lè kó o ràn ẹnikẹ́ni mọ́. Abeg, lọ gba ọmọ ẹ.”

Mo ní, “Aunty, ta ló máa gbà mí gbọ́?”

Ni wọ́n bá mú mi lọ bá dókítà kan nínú yàrá ẹ̀yìn. Ọmọdé ni, kò dàgbà jù yín lọ, Dókítà Fáṣínà. Àwọn kan ló rán an pé kó tọpasẹ̀ bí ikọ́ yìí ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ní gbogbo agbègbè Kòsọ́fẹ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí mo tu sínú ike lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọn ò dà á nù, ó wà ní láàbù. Aunty Kékeré náà ti wá tu tiẹ̀ lánàá.

Ó ní, “Ìyá Roqeeb, ṣé ẹ mọ ilà ojú? Bí ìdílé kan ṣe máa ń kọ ilà kan náà sójú ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò yìí ṣe ní ilà tiẹ̀, nínú ara rẹ̀ lọ́hùn-ún, ojú lásán ò lè rí i. Tó bá ti ara yín bọ́ sára ẹlòmíì, ilà yẹn náà ló máa gbé lọ. Tí ilà tiyín àti ti àbúrò ọkọ yín bá bára mu, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kó o ràn án, tàbí òun ló kó o ràn yín, tàbí ẹnì kan ló kó o ràn ẹ̀yin méjèèjì. Tí kò bá bára mu, ti àbúrò ọkọ yín ò tọ̀dọ̀ yín wá rárá.”

“Ìgbà wo lẹ máa rí ilà náà?”

“Kòkòrò yìí ò tètè dàgbà. Ẹ fún wa ní oṣù méjì.”

Oṣù méjì! Mo fọwọ́ sí ìwé tó gbé fún mi pé mo gbà kí wọ́n wò ó. Ìgbà tí mo dé títì ni ọ̀rọ̀ kan tó sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lára. Tó bá bára mu ńkọ́? Á jẹ́ pé mo fi ọwọ́ ara mi wá ìwé tí Màmá máa fi gba ọmọ lọ́wọ́ mi pátápátá.

Sọ́ńdè, 6 Júláì

Mo lọ Kétu. Màmá ò jẹ́ kí n wọlé. “Dúró síbẹ̀, má kọjá géètì.” Láti ẹnu géètì ni mo ti ń wo ọmọ mi nínú yàrá, òkùnkùn ni inú ibẹ̀, fèrèsé tí ẹ fi pákó kàn pa lọ́jọ́ tí olè wá, wọn ò tíì ṣí i. Yàrá yẹn náà ni ẹ sùn fún odidi oṣù kan lọ́dún tó kọjá nígbà tí odò wọlé wa ní Ajégúnlẹ̀, tí èmi gbé ọmọ tuntun lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Roqeeb ti yọ eyín kejì. Ó gbọ́ ohùn mi, ó yíjú, ó bú sẹ́kún. Wàrà mi bẹ̀rẹ̀ sí í jò sára aṣọ níbẹ̀.

Màmá fa aṣáà símú, wọ́n wúkọ́, wọ́n nujú. “Aṣáà yìí á pa mí lọ́jọ́ kan. Máa lọ sílé ẹ.”

Aunty Kékeré sin mi dé kọ́nà. Òun náà ti ń lo oògùn. Ó di ọwọ́ mi mú, kò bẹ̀rù. Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ má bínú sí mi.” Mo ní kí ni ìwọ ṣe, Aunty mi.

Mọ́ńdè, 14 Júláì

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, ata gbígbẹ tí mò ń ṣà ní Mile 12. Nọ́ọ̀sì ní mo lè ṣiṣẹ́. Ata gbígbẹ ti wọ́n sí i, ohun tí wọ́n ń pè ní kóńgò báyìí, àwo ni.

Àlàmísì, 24 Júláì

Mo ṣì ń fún wàrà láràárọ̀ kó má baà gbẹ. Ó ń dínkù. Kò tíì gbẹ.

Wẹ́sìdé, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n wọ̀n mí ní ọsibítù, mo ti fi kílò mẹ́rin sanra. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi mọ́, wọn ò rí kòkòrò kankan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Helen pariwo, “See this woman!” wọ́n gbá mi mọ́ra níṣojú gbogbo èèyàn. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti gbá mi mọ́ra.

Túsìdé, 26 Ọ́gọ́ọ̀sì

KÒ BÁRA MU!

Daddy Roqeeb, kò bára mu! Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ kọ ọ́.

Dókítà Fáṣínà tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì. Àpótí kéékèèké ló wà níbẹ̀, ó tò lọ gbọọrọ lórí ìlà kan, òmíì dúdú, òmíì funfun. Ó ní ìlà òkè ni tèmi, ìlà ìsàlẹ̀ ni ti Aunty Kékeré, Aunty Kékeré ti ní kó fi hàn mí. Ẹ mọ̀ pé ìwé kíkà ò fi bẹ́ẹ̀ yá mi lára, pírámárì síìsì ni mo ti dúró. Ṣùgbọ́n èyí ò fẹ́ ẹni tó mọ̀wé. Mo gbé ìka lé òkè, mo gbé ìka lé ìsàlẹ̀, mo ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣa ata. Ibi tí tèmi ti dúdú, tirẹ̀ funfun. Ibi tí tirẹ̀ ti dúdú mẹ́ta tẹ̀ léra, tèmi ò ní nǹkan kan. Àjèjì pátápátá ni wọ́n síra wọn.

Mo ní, “Dókítà, ṣé mi ò kó nǹkan kan ràn án?”

“Ẹ ò kó nǹkan kan ràn án.”

Mo kúnlẹ̀. Ó ní ẹ dìde, ẹ dìde, Ìyá Roqeeb, èmi kọ́. Mo ní mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́, Ọlọ́run ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ní ìbéèrè kan. Ó ní àwọn méjì míì wà tí wọ́n ń gbàtọ́jú ní ọsibítù míì, ilà tiwọn bá tèmi mu géérégé. Òun ò gbọdọ̀ sọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ń ṣiṣẹ́ ní Mile 12, òun ò sì mọ ibi tá a ti pàdé. Àwọn méjèèjì ní àwọn ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń wúkọ́. “Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá Roqeeb, ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ta ló ń wúkọ́ níbẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Dókítà, sitọ́ọ̀ ata gbígbẹ ni. Gbogbo wa la ń wúkọ́.”

Ó gbé bírò sílẹ̀.

Àlàmísì, 28 Ọ́gọ́ọ̀sì

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣa ata fún Alhaji Yúnúsà, kò sẹ́ni tó ka ikọ́ sí ní sitọ́ọ̀ yẹn. Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, fèrèsé kankan ò sí, àpò ata kún dé òrùlé, ata ń fò sókè bí èéfín, tẹ́nì kan bá wúkọ́, ẹnì kejì á ní “ata á pa ọ́ lónìí,” a ó jọ rẹ́rìn-ín. Ikọ́ ata. Ẹni tí ò bá wúkọ́ níbẹ̀ gan-an ló yẹ ká bi léèrè.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ṣa ata tí mo ń fetí sílẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ báyìí ni pé ikọ́ ata máa ń gbẹ, ó máa ń yára, ó ń múni sín. Tẹ́ni náà bá jáde síta tó mumi, ó tán. Mo ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde lọ jẹun. Yẹ́misí jáde, ikọ́ tán. Ìyá Mojeed jáde, ikọ́ tán. Bàbá Shittu tó ń rán ẹnu àpò ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lọ́hùn-ún jáde, wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n mumi, wọ́n ṣì ń wúkọ́, ikọ́ tó ti ìsàlẹ̀ wá. Oòrùn ò mú, òógùn bo gbogbo ara wọn. Okùn ṣòkòtò wọn ti yí wọn nídìí ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbẹ́ Bàbá Shittu gan-an ni mo ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, nígbà tí oyún Roqeeb wà nínú mi, torí ibẹ̀ ló tutù.

Sátidé, 30 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo bá Bàbá Shittu sọ̀rọ̀. Ìjà ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti di dókítà ni? Ikọ́ ata ni. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń rán àpò.”

“Bàbá, ata ò tẹ̀ lé yín dé abẹ́ igi.”

“Ó wà lọ́fun mi.”

“Ó wà lọ́fun èmi náà, mo ti mumi, ó ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wúkọ́ kí n gbọ́, tó bá jẹ́ ti ata, màá bá yín rán àpò ogún lónìí.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbà á lẹ́nu wọn, kò sì dúró, wọ́n tẹ orí ba títí àánú fi ṣe gbogbo wa. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo yọ káàdì mi fún wọn. Mo ní, “Èmi náà ni mo ni ín. Ẹ wò mí. Ṣé mo jọ ẹni tó fẹ́ kú?”

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, “O tiẹ̀ ti sanra.” Wọ́n ní Mọ́ńdè làwọn máa lọ.

Ọ̀la ni Roqeeb máa pé ọmọ ọdún kan. Mo ra bàtà tuntun fún un.

Àlàmísì, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ààwẹ̀ ọjọ́ kẹrin. Kòkòrò kún inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Bàbá Shittu. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọ̀fẹ́ ni. Dókítà Fáṣínà ní ó dá òun lójú pé ilà wọn máa bá tèmi mu, ṣùgbọ́n òun máa dúró de láàbù kóun tó sọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Helen wá sí sitọ́ọ̀ fúnra wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n sín ẹ̀ẹ̀meje, wọ́n sá jáde. Wọ́n ní, “Alhaji, ẹ fẹ́ pa àwọn èèyàn yìí ni?” Alhaji ní òun ò mọ̀, òun rò pé ata ni. Kó tó di ọ̀sán, káfíńtà méjì ti gé fèrèsé sí ògiri pákó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ wọlé! Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa rí ojú Yẹ́misí dáadáa nínú sitọ́ọ̀ yẹn. Mo ní ṣé báyìí lo ṣe rí? Ó ní ṣé ìwọ náà rò pé o rẹwà ni?

Èmi Ajarat, tí wọ́n ń sá fún ife mi. Èmi ni mo fetí mú ikọ́ náà.

Sọ́ńdè, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo mú ìwé alápòótí dúdú funfun yẹn lọ Kétu. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti gba ọmọ mi tán. Màmá wò ó, wọ́n ní, “Kí lèyí? Ayò ọlọ́pọ́n?” Wọ́n ní ta ló ti rí ojú kòkòrò rí tó fi rí ilà tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ká gbà pé kì í ṣe èmi, ta wá ni, ṣé ara ògiri ló ti jáde?

Mo dúró sí ẹnu géètì, mò ń wo Roqeeb tó sùn lórí àyà wọn.

Ni wọ́n bá wúkọ́.

Ẹ gbọ́ o. Agogo méjì ọ̀sán ni. Màmá ń gbààwẹ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n, tí wọ́n bá ti ń gbààwẹ̀, aṣáà ò gbọdọ̀ dé tòsí imú wọn títí di ìṣínu. Ọjọ́ keje rèé tí wọn ò fa aṣáà lójú mọmọ. Mo dúró, mo ń kà á. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n wúkọ́ kí n tó kúrò níbẹ̀, ikọ́ tó ti ìsàlẹ̀ wá, irú ti Bàbá Shittu gan-an. Orí ọmọ mi sì ń gbọ̀n lórí àyà wọn bí wọ́n ṣe ń wú u.

Mo ní, “Màmá, ikọ́ kí lẹ̀ ń wú?”

“Ikọ́ aṣáà. O ò mọ̀ ọ́n?”

“Aṣáà wo, Màmá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbààwẹ̀.”

Aunty Kékeré tó jókòó lẹ́bàá wọn yíjú wo ìyá rẹ̀, mo rí i pé òun náà ti gbọ́ ohun tí mo gbọ́.

Mọ́ńdè, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo mú Nọ́ọ̀sì Helen lọ Kétu. Màmá ti múra ìjà sílẹ̀.

“Títutọ́ sínú ike, ṣé kò ní já ààwẹ̀ mi?”

Nọ́ọ̀sì ní, “Mama, láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí, ẹ ti tutọ́ sílẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Kò já a. Inú ike nìkan la ní kẹ́ ẹ tu ú sí.”

Aunty Kékeré rẹ́rìn-ín títí ó fi yà kúrò níbẹ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò mí. Mo kúnlẹ̀ síta géètì níbẹ̀, mo ní, “Màmá, mi ò wá gbẹ̀san. Orí àyà yín ni Roqeeb ń sùn. Tó bá jẹ́ aṣáà ni, ẹ máa tọ́ ọ títí tó fi máa gbéyàwó, mi ò ní bínú.”

Wọ́n na ọwọ́ gba ike.

Àlàmísì, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kì í ṣe aṣáà. Kòkòrò wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Màmá.

Mo wà nídìí kànga tí mò ń fọṣọ nígbà tí mo rí Màmá tí wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, wọ́n fi ìborùn bo ẹnu wọn bí Nọ́ọ̀sì ṣe ní kí wọ́n ṣe. Roqeeb ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ń rìn! Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ó ti ń rìn. Bàtà ẹyọ kan ló wọ̀, ẹsẹ̀ kejì lásán, torí èyí tó kù ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Màmá ní kí n yí ẹ̀yìn padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé e pọ̀n mí fúnra wọn, wọ́n so ọ̀já, wọ́n fà á kó le. Àwọn ará ilé kan náà tó wò wọ́n tí wọ́n tú u, àwọn náà ló ń wò wọ́n tí wọ́n ń so ó.

Mo fún un lọ́mú. Mo rò pé á ti gbàgbé. Kò gbàgbé. Wàrà ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà.

Jímọ̀, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Dókítà yẹ Roqeeb wò, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Kò sí ikọ́ ife lára rẹ̀! Wọ́n ní ká máa lọ oògùn fún un lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà kó má baà ní in. Ó tu ti àkọ́kọ́ sí mi lójú.

Túsìdé, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Nọ́ọ̀sì ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo Màmá lójú tí wọ́n bá ń lo oògùn, kó rí i pé wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní kí Màmá mú ẹni tó bá wù wọ́n. Mo rò pé Aunty Kékeré ni wọ́n máa mú. Màmá ní, “Ajarat ni. Òun ló máa ń ka ikọ́ mi.”

Mo ń lọ Kétu lójoojúmọ́ kí wọ́n tó jẹ sààrì.

Àlàmísì, 9 Òkítóbà

Odò Ògùn ti wọlé, ó dé orúnkún. Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù. Màmá ránṣẹ́ pé kí n kó ẹrù àti ọmọ wá sí Kétu, kí n má lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ránṣẹ́ padà pé mi ò wá sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì pa. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ò jáde lẹ́nu mi rí sí Màmá. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, pákó ti wà nílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kọ́tìnì.

Mo gbé oògùn fún wọn. Ife tó wà lọ́wọ́ mi ni mo bu omi sí, mi ò rántí irú ife tó jẹ́ àfi ìgbà tí wọ́n gbé e sẹ́nu. Ife aláwọ̀ ewé, ilà kútẹ́ẹ̀sì mẹ́ta. Àwọn náà rí i. Wọ́n mu ún tán.

Àlàmísì, 23 Òkítóbà

Èsì láàbù ti dé. Ilà Bàbá Shittu bá tèmi mu. Ilà Màmá àti ti Aunty Kékeré bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yẹ̀ síbì kankan. Màmá ló ní kí Dókítà sọ ọ́ níṣojú gbogbo wa. Wọ́n gbé ìka lé e bí mo ṣe kọ́ wọn, wọ́n tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n ní, “Èmi ni mo kọlà fún ọmọ mi.”

Aunty Kékeré ní, “Ẹ ò mọ̀, Màmá. Oògùn náà á pa ilà rẹ́.”

Nígbà tí a délé, Màmá mú bíléèdì, wọ́n jókòó, wọ́n ń ha kútẹ́ẹ̀sì kúrò lára ife mi. Méjì ṣí. Ẹ̀kẹta ò fẹ́ ṣí. Mo ní ẹ fi í sílẹ̀, Màmá, òun ni mo fi ń mọ ife mi.

Sọ́ńdè, 26 Òkítóbà

Ẹ pè lónìí lórí fóònù Màmá. Mo ti to gbogbo ayọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín sílẹ̀ lọ́kàn. Màmá ti fi kílò méjì sanra. Aunty Kékeré ti padà sí ìwé rẹ̀. Bàbá Shittu ń rán àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń pè mí ní Dókítà. Roqeeb mọ̀ ọ́n sọ, “omi.” Ẹ bẹ̀ mí, ẹ ní ẹ ṣẹ̀ mí, ẹ ní kí n má bínú. Mo ní ó ti tán.

Ni ẹ bá wúkọ́.

Ẹ ní, “Má dá a lóhùn, eruku Kano ni.” Ẹ tún wúkọ́. Mo ní ẹ dúró, ẹ mumi kí n gbọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ mumi, mo gbọ́ ọ bí ẹ ṣe ń gbé e mì. Ẹ tún wú u, ó ti ìsàlẹ̀ wá. Mo ní ó ti tó ìgbà wo? Ẹ ní láti ìgbà ààwẹ̀. Mo ní ṣé ẹ ń làágùn? Fóònù já.

Daddy Roqeeb, Ládé tó ń fi tírélà kó ata yín wá ń padà sí Kano lọ́la, òun ni mo máa fi ìwé yìí rán. Ẹ ti kà á dé ibí báyìí, ẹ ti mọ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Oṣù kan ni ẹ fi sùn nínú yàrá yẹn nígbà tí fèrèsé wà ní pípa. Mo ti gbọ́ ikọ́ ata, mo ti gbọ́ ikọ́ aṣáà, mi ò fẹ́ gbọ́ ikọ́ eruku. Ẹ̀rù ò bà mí, kí ẹ̀rù má ba ẹ̀yin náà. Ó ní oògùn, ọ̀fẹ́ ni, ó ṣiṣẹ́ lára mi, ó ń ṣiṣẹ́ lára ìyá yín. Nọ́ọ̀sì Helen ti kọ orúkọ yín sílẹ̀. Ike yín wà níbí, mo ti fọ ife yín.

Ẹ má dúró de Iléyá. Ẹ má dúró kí ata kún mọ́tò. Ẹ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ládé, kẹ́ ẹ sọ wíńdò kalẹ̀, kẹ́ ẹ fi nǹkan bo ẹnu yín. Ẹ jọ̀ọ́, Abdulkabir ọkọ mi, bí ẹ bá ṣe ń ka èyí tán, ẹ dìde. Ẹ máa bọ̀. Ẹ máa bọ̀ nísinsìnyí.